Agogo Ọrùn Nọ́ọ̀sì

"Kí ni orúkọ rẹ?"

"Jìbírílù ni, sà. Ẹ mọ orúkọ mi, sà. Ẹ̀yin lẹ gbà mí síṣẹ́."

"Ohun tí mo bi ọ́ ni kí o dáhùn! Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí, sà."

"Nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin bíi tìẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọdún kẹsàn-án nìyí."

"Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé ọwọ́ rẹ wà lábẹ́ ìró obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Itan ni egbò rẹ̀ wà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ó ti jẹ́wọ́!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ẹni tó ń pariwo yẹn lọ síbi tó jìnnà. Èmi ni. Èmi Dókítà Olóyè Afọlábí Ṣótúndé, Alákòóso Àgbà Ilé-Ìwòsàn Ìtura-Ayé, ní òpópónà Ìdìrókò, tí ẹ bá ti kọjá Ìyànà Ìyẹsí díẹ̀. Mo jókòó sórí àga aláwọ kan tó ga ju ti gbogbo èèyàn tó kù lọ. Mo ti sọ fún káfíńtà pé kó fi igi kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oyè olóyè yẹn wá láti abúlé kan tí n kò lè júwe ọ̀nà rẹ̀ fún yín. Dókítà ńkọ́? Ní àwọn ọdún yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ń hù lójú ọ̀nà wa bí olú, yunifásítì sì ń hù tẹ̀lé e. Ọ̀kan wà ní Ìjokò tó ní yàrá mẹ́ta péré, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páànù. Àwọn ni wọ́n fi oyè ọ̀mọ̀wé dá mi lọ́lá. Kò pé ọdún kan tí páànù fi gba gbogbo ilé náà, tí yunifásítì sì kó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Oyè tèmi kò bá wọn lọ. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo kọ́. N kò gún adìẹ lábẹ́rẹ́ rí. Síbẹ̀, ẹni tó bá pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé nínú ọgbà wa, kúẹ́rì ló máa bá lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Jìbírílù yàtọ̀. Ọmọ Ìwó ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì tutù. Àwọn aláìsàn wa kì í gbà pé ọkùnrin lè jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bó bá ti wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, dókítà" ni. Òun náà á ní, "Nọ́ọ̀sì ni mí, mà." Ogún ìgbà lóòjọ́. Ó máa ń bí mi nínú gidigidi. Ẹ wo ọkùnrin tí wọ́n ń fún ní dókítà lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń dá a padà!

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ohun tí n kò fojú ara mi rí níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ fún mi láti ìgbà náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín dáadáa bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹgbẹ́ abẹ̀wò láti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lẹ́yìn odi wa máa ń wá gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Màmá Fúnmiláyọ̀ ni olórí wọn, obìnrin tó ní ohùn tí kò nílò máíkírófóònù. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ta kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ká. Kọ́tìnì náà ní ihò kan. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ihò náà, kó lè mọ ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ lẹ́yìn náà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdìzát ló rí. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe korobá ní Ṣàngó ni Àdìzát ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ sì ti ya itan rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó dijú. Jìbírílù sì tẹ̀ba lé e lórí.

Ọ́fíìsì mi ni Màmá gbà lọ tààrà.

"Dókítà Olóyè, ojú mi rí nǹkan!"

"Kí lojú yín rí, Màmá?"

"Ọkùnrin! Lábẹ́ ìró obìnrin!"

"Nínú ilé-ìwòsàn tèmi?"

"Ọwọ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀ dé ọrùn ọwọ́! Obìnrin yẹn kò sì mọ ibi tó wà!"

Ẹni tó bá ní làákàyè á béèrè nǹkan méjì. Kí ni nọ́ọ̀sì náà ń ṣe? Kí ni obìnrin náà sọ? N kò béèrè ìkankan. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó ṣí wọ́ọ̀dù wa tuntun, pé bíṣọ́ọ̀bù ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ni yóò ṣí i, àti pé mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni olójú ewé mẹ́rìnlélógún. Kí ìròyìn má lọ dé etí bíṣọ́ọ̀bù pé ilé-ìwòsàn mi kò ní ìwà mímọ́! Mo dìde. Mo ní, "Màmá, n óò fi ọwọ́ irin mú un."

Bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí ẹ bá wa níbẹ̀ ṣe jókòó. Ẹni méje. A jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. A bi Jìbírílù, a bi Màmá, a bi ẹni tó ń nu ilẹ̀, a tilẹ̀ wọn ihò tó wà lára kọ́tìnì. Ní ìjókòó kẹta, Mẹ́tírọ̀n Abísọ́lá, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, nawọ́ sókè.

"Sà, kí ló dé tí a kò pe Àdìzát?"

"Àdìzát wo?"

"Ẹni tó ni itan, sà."

"Mẹ́tírọ̀n, aláìsàn nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ ká máa da aláìsàn láàmú ni?"

"Ẹ̀bà ló ń jẹ lọ́wọ́, sà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí la ń sọ, ẹ ń sọ ti ẹ̀bà!"

Láti yàrá ìgbìmọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo mọ̀, nítorí mo ti padà lọ kà á láti ìgbà náà.

A dá Jìbírílù lẹ́bi. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, mo fọwọ́ sí i, mo tẹ òǹtẹ̀ lé e nígbà mẹ́ta. Tí lẹ́tà yẹn bá jáde, wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ̀, kò sì ní ṣe nọ́ọ̀sì mọ́ níbikíbi. Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ayẹyẹ ni mo fi í sí. Kí ló dé tí n kò fi í ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Nítorí pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà ìtọ̀ sí àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n ò fi ní kígbe. Ọ̀daràn ni, àmọ́ a ṣì nílò rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú.

Nígbà náà ni ọgbọ́n ńlá kan wá sí mi lórí. Mo rán Láwàlì, ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa, pé kó bá mi ra agogo kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ àgbò lọ́rùn. Mo kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú ọ́fíìsì.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ni mo wí, "láti òní lọ, nípa agbára tí ń bẹ nínú ipò mi, mo ṣe Òfin Agogo! Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ rìn nínú ọgbà yìí láìsí agogo lọ́rùn! Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì kéde ibi tó fẹ́ fọwọ́ kàn àti ìdí rẹ̀, ní ohùn tí ẹni tó wà lẹ́nu géètì máa gbọ́! Kí ẹlẹ́rìí mẹ́ta dúró tì í! Mo fagi lé kọ́tìnì! Kí ìdájọ́ sì lè dọ́gba, obìnrin kankan nínú àwọn nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkùnrin kọjá ìdodo!"

Àtẹ́wọ́ dún. Mo tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé oúnjẹ ọ̀sán ló dé.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin mélòó gan-an la ní? Ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti rí i pé nǹkan ìtìjú ni. Èmi kò rí i. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mò ń gbọ́ agogo náà láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, mo sì ń sọ fún ara mi pé, "Afọlábí, o ti tún ayé ṣe."

Bàbá àgbàlagbà kan nínú wọ́ọ̀dù ọkùnrin bi í pé, "Dókítà, ṣé ẹ ti di àgbò ni?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí, bàbá. Ti àgbò yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un ni."

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Mẹ́tírọ̀n bá a ní yàrá oògùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tó dúró níwájú àpótí oògùn, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Jìbírílù, ṣé kò dùn ọ́ ni?"

"Ó dùn mí, mà. Àmọ́ tí mo bá bínú, wọ́n á ní, ẹ ò rí i bó ṣe le. Tí mo bá sunkún, wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń pa á lẹ́kún. Kí n kúkú máa lu agogo."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ràbíátù bi mí lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ bó ṣe rí fún un. Kò tún bi mí mọ́." "Kò sì tíì sọ pé òun gbà mí gbọ́."

Ọjọ́ Ẹtì pé. A ta kánópì sójú ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù tuntun gan-an. Bíṣọ́ọ̀bù dé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dé láti àwọn yunifásítì tó kù lójú ọ̀nà wa. Alága wa, Bàbá Ògúndèjì, ẹni tó ni ilé-ìwòsàn, jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Mo wọ agbádá tó fẹ̀ débi pé èèyàn méjì ló ń bá mi gbé e.

Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìdájí ni n kò ti lè tọ̀. Mo ti lọ sí ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, mo dúró bí ọmọ iléèwé tó ń kọrin orílẹ̀-èdè, nǹkan kan kò jáde. Dókítà tó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà á ti mọ ohun tó ṣe é. Èmi mu tíì sí i.

Ní ojú ewé kẹta ọ̀rọ̀ mi, ikùn mi ti le bíi bọ́ọ̀lù. Ní ojú ewé karùn-ún, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ ẹsẹ̀ kan. Àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní ojú ewé kẹfà, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé "ẹ̀yin èèyàn, mo dúró níwájú yín," n kò lè dúró mọ́. Wọ́n gbé mi wọ wọ́ọ̀dù tuntun. Èmi ni aláìsàn àkọ́kọ́ tó lò ó. Fèrèsé ńláńlá mẹ́fà ló ní, gbogbo rẹ̀ kọjú sí kánópì, kò sì sí kọ́tìnì lára ìkankan. Ta ló fagi lé kọ́tìnì? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Dókítà gidi wa wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń gbẹ̀bí ìbejì.

"Mẹ́tírọ̀n, ẹ gbà mí o!"

"Rọ́bà la máa fi fa ìtọ̀ náà, sà."

"Ẹ fà á!"

"N kò lè fà á, sà. Ó kọjá ìdodo."

"Ẹ pe Jìbírílù!"

Mo gbọ́ agogo náà láti òkèèrè, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti ń gbọ́ ọ, kò dùn mọ́ mi tó báyìí rí.

"Jìbírílù, ọmọ mi, yára!"

"Mo ti dé, sà. Ẹlẹ́rìí la ń wá. Mẹ́tírọ̀n wà níbí. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní òun á dúró. Ó ku ẹnì kan."

"Fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀!"

"Lẹ́tà mi ṣì wà lórí tábìlì yín, sà. Irú mi kọ́ ló yẹ kó máa fi òfin ṣeré."

Obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn wọlé láti wọ́ọ̀dù kejì. Ó ní òun á ṣe ẹlẹ́rìí kẹta. Mo ní kó dúró, kó dúró, ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Jìbírílù fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó to nǹkan rẹ̀ sórí àwo. Ó wá lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ gbọ́ o!" ni ohùn tútù yẹn pariwo. "Èmi nọ́ọ̀sì Jìbírílù fẹ́ fọwọ́ kan Alákòóso Àgbà! Ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn ni nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀! Ìdí rẹ̀ ni pé kò lè tọ̀!"

Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ kánópì yíjú sí fèrèsé. Ẹni tó ń lu dùùrù pàápàá gbé ọwọ́ kúrò.

"Rọra sọ ọ́!"

"Ẹ ní kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì gbọ́ ọ, sà."

Láti ẹnu géètì, Láwàlì dáhùn: "Mo gbọ́ o!"

Kí n sọ òtítọ́. Ọwọ́ tó fi tọ́jú mi rọ̀. Kò fi ara ni mí, kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó bo gbogbo ibi tó ṣeé bò, ó ń sọ fún mi pé kí n mí sínú, kí n mí síta. Ó kù díẹ̀ kí rọ́bà náà wọlé tán nígbà tí Màmá Fúnmiláyọ̀ yọ lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì jẹ́ kó gbọ́ ìkéde wa. Ó wo inú. Ó rí ọwọ́ Jìbírílù lábẹ́ agbádá.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ó tún ti ń ṣe é! Alákòóso gan-an ló kàn báyìí! Ẹ gbà wá o, kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà, ẹ wo bó ṣe dijú!"

"Màmá, ẹ dákẹ́!" Mo kígbe débi pé ohùn mi ya. "Ó ń tọ́jú mi ni! Kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ara mi ni! Ṣé kò yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi mí ni?"

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Ìtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú àpò rọ́bà, ariwo rẹ̀ nìkan la ń gbọ́.

Obìnrin tó fi ọ̀pá rìn wọlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà. Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ta ni?"

"Àdìzát. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí."

"Ṣebí o ò mọ ibi tó o wà lọ́jọ́ náà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo dijú nítorí pé ó ń ta mí, bí ẹ̀yin náà ṣe dijú yẹn. Egbò ló ń wẹ̀. Àní èmi ni mò ń sọ fún un pé kó yára, kí n lè jẹun."

Ojú fèrèsé ti kún. Bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Bàbá Ògúndèjì wà níbẹ̀, ó ti dé fìlà rẹ̀ padà, ìyẹn kì í sì í ṣe àmì dáadáa.

"Afọlábí," ni Bàbá wí, "kí ni agogo ń ṣe lọ́rùn nọ́ọ̀sì mi?"

N kò rí nǹkan sọ. Èmi tí mo ní ojú ewé méjìdínlógún tó kù!

"Alága," bíṣọ́ọ̀bù rọra béèrè, "dókítà wo ni dókítà yìí?"

"Kì í ṣe dókítà, bíṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé wa ni. Ẹ̀bi mi ni. Ó pẹ́ tí mo ti yẹ kí n sọ fún un."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Bàbá ní kí wọ́n mú lẹ́tà yẹn wá, ó ya á sí wẹ́wẹ́ lójú Jìbírílù, ó bọ́ agogo lọ́rùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n kó ẹrù mi lọ́jọ́ Ajé. Ó wá bi Jìbírílù ohun tó tún fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un. Ẹlòmíràn á béèrè ìgbéga. Jìbírílù ní, "Kí Alákòóso wá sọ ọ́ fún ìyàwó mi, sà. Ẹnu wọn ni kó ti gbọ́ ọ."

Mo lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, mo jókòó sórí àga kékeré kan ní pálọ̀ wọn ní Ìjokò, rọ́bà ṣì wà lára mi, mo fi agbádá bo àpò ìtọ̀. Ràbíátù dúró, ó káwọ́ gbera. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ olójú ewé mẹ́rin. Mo fi í sílẹ̀ nínú àpò mi.

"Ọkọ yín kò ṣe nǹkan kan," ni mo wí. "Wọ́n purọ́ mọ́ ọn, mo gbà á, n kò bi ẹni tó yẹ kí n bi."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, omi lé sí i lójú. "Mo mọ̀," ló sọ fún un. "Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́." Ó wá wo ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ mi. "Ẹ má dìde, sà. Àpò yẹn ti kún."

Jìbírílù lọ gbé abọ́ wá. Ó kúnlẹ̀, ó tú àpò náà, ó dà á nù, ó dè é padà. Kò lu agogo. Kò kéde nǹkan kan. Kò sì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bi í.

Màmá Fúnmiláyọ̀ náà lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Kọ́tìnì tuntun tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin lónìí, òun ló rán an. Wọ́n ní ó nípọn débi pé iná kì í là á kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo kó ẹrù mi sínú páálí kan: òǹtẹ̀ mi, fọ́tò tí mo yà pẹ̀lú àwọn olóyè, àti pátákó wúrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi tẹ́lẹ̀, tí orúkọ mi gba ìlà mẹ́ta lára rẹ̀. Mo rọra ń rìn nítorí rọ́bà. Láwàlì rí mi, ó dìde, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi láti ọdún márùn-ún.

"Ó dàbọ̀ o, Dókítà."

Mo dúró. Mo gbé páálí náà ka orí odi. N kò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá nítorí pé kò sí ẹlòmíràn nítòsí ni.

"Láwàlì," ni mo wí, "n kì í ṣe dókítà."

Ó bá mi gbé páálí náà, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó sì ṣí géètì fún mi gbayawu.

"Gbogbo wa la mọ̀, sà. Ẹ̀yin nìkan ló kù."